Ìmọ́lẹ̀ Aláwọ̀ Aró àti Ọmọ Tuntun tí Ojú Rẹ̀ Pọ́n

Ẹ̀yin ará wa ní Àyèká àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti ìlera ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé ni ó ń wí pé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ a máa wo àrùn sàn: pé pupa ń mú ẹ̀jẹ̀ lágbára, pé àwọ̀ ewé ń fi ọkàn balẹ̀, pé àwọ̀ aró ń lé ibà. Àwọn kan ń ta gílóòbù nítorí rẹ̀, àwọn kan ń ta gíláàsì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ariwo ọjà lásán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín ariwo náà tí ó jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, tí a ti dán wò ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí, ní Èkó àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ tuntun là. Lórí èyí ni a ó dúró pẹ́ jù, nítorí pé àwọn òbí tí kò mọ̀ ọ́n ń sin ọmọ tí kò yẹ kí ó kú; bí ọmọ náà kò bá sì kú, ó lè di odi, tàbí kí ó di ẹni tí kò lè dá jókòó títí ayé rẹ̀.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí òṣùmàrè lẹ́yìn òjò ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ó dàbí funfun lójú wa, kì í ṣe ẹyọ kan. Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 1666. Ó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn kan ṣoṣo wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta pàdé rẹ̀, ìtànṣán náà sì tú ká sí ara ògiri: pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, títí dé elésè àlùkò. Lẹ́yìn elésè àlùkò ni ìtànṣán mìíràn wà tí ojú ènìyàn kò rí; òun ni ó ń jó awọ ara. Níwájú pupa pẹ̀lú, òmíràn wà tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n ara ń mọ̀ ọ́n, nítorí ooru ni. Kí ẹ fi àwọn méjèèjì yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá wọn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa gíláàsì aláwọ̀. Gíláàsì aró kò fi ohunkóhun kún ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà á kọjá; ṣe ni ó ń yọ nínú rẹ̀. Ó dá pupa àti àwọn yòókù dúró, ó jẹ́ kí aró nìkan kọjá. Nítorí náà ẹni tí ó ta aṣọ aró bo gílóòbù ilé rẹ̀ kò sọ iná náà di oògùn. Ó wulẹ̀ sọ ọ́ di iná tí kò mọ́lẹ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá ni.

Ìtàn àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ti pẹ́. Nígbà tí ìgbóná ń pa ènìyàn, àrùn tí àwọn baba wa kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ a máa fi aṣọ pupa yí ibùsùn aláìsàn ká. Ní ọdún 1893, Niels Finsen, dókítà kan ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, dábàá pé kí a tọ́jú àwọn tí ìgbóná ń ṣe nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan wà, kí ojú àpá má bàa jinlẹ̀ lára wọn. Àwọn mìíràn dán an wò lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò rí àǹfààní kan tí ó dúró. Àjẹsára ni ó lé ìgbóná kúrò ní ayé, tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán pátápátá. Ṣùgbọ́n Finsen yìí kan náà fi ìmọ́lẹ̀ líle, èyí tí ó sún mọ́ elésè àlùkò àti èyí tí ó kọjá rẹ̀, wo irú ikọ́ ẹ̀gbẹ kan tí ń jẹ awọ ojú ènìyàn. Nítorí èyí ni a ṣe fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1903. Ẹ rí i bí òtítọ́ àti àṣìṣe ṣe lè gbé inú iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní òtítọ́ kankan nínú tiwọn. Ọ̀gágun Augustus Pleasonton ní ìlú Philadelphia gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1876 pé gíláàsì aró ń mú èso àjàrà dàgbà, ó ń mú ẹlẹ́dẹ̀ sanra, ó sì ń wo àìsàn ènìyàn sàn. Ó tẹ ìwé náà ní yíǹkì aró lórí bébà aró. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ra gíláàsì aró sí fèrèsé wọn fún sáà kan, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dinshah Ghadiali, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ti di ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ kan tí ó pè ní Spectro-Chrome jáde ní nǹkan bí ọdún 1920. Àpótí ni, gílóòbù wà nínú rẹ̀, gíláàsì oríṣiríṣi àwọ̀ wà níwájú. Kí aláìsàn bọ́ra sílẹ̀, kí ó kọ orí sí àríwá, kí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà tàn sí i lára. Kò sí àrùn kan tí kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní New Jersey dá a lẹ́bi ní ọdún 1947.

Kí wá ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àpótí Ghadiali àti iná aró tí ẹ ó rí lórí ibùsùn ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn? Kí a lè dáhùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àrùn náà fúnra rẹ̀.

Ibà pọ́njú ni à ń pè é. Àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa kì í wà títí. Ti àgbàlagbà a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó gbó, ti ọmọ tuntun kò tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbó, wọ́n a fọ́, ohun kan a sì jáde nínú wọn tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bílírúbínì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún epo mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi omi nìkan ṣan ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, epo kò ní lọ, àfi bí ó bá fi ọṣẹ sí i. Bí epo yìí ni bílírúbínì rí: omi nìkan kò lè gbé e. Ẹ̀dọ̀ ni ó ní ọṣẹ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ó ń ti ara ibi bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ẹ̀dọ̀ ìyá a sì bá a fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ tí a bí i, a gé ìwọ́, ó wá ku ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan, ọṣẹ ẹ̀dọ̀ náà kò sì tíì tó.

Nítorí èyí, nínú ọmọ 100 tí ó pé oṣù kí a tó bí wọn, nǹkan bí 60 ni ojú wọn yóò pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú àwọn tí kò pé oṣù, nǹkan bí 80. Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀dọ̀ yóò lágbára bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ojú yóò sì mọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan, bílírúbínì a pọ̀ kọjá ààlà, a sì wọ inú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ìparun wà. Ọmọ náà a máa sùn ju bí ó ti yẹ lọ, kò ní fẹ́ mu ọmú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ké pẹ̀lú ohùn tínrín líle, tí yóò máa gan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọrun. Àwọn ará ilé a ní gìrì ni, wọn a gbé àgbo wá. Bí ọmọ náà bá yè, etí rẹ̀ lè di, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ́ láìsí ìdarí, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n inú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ láìsí ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò a ní àbíkú ni, tàbí pé ẹnì kan ni ó fi ọwọ́ burúkú kàn án. Bílírúbínì ni.

Àrùn yìí le ní ilẹ̀ wa ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ, ó sì ní ìdí. Ohun kan wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, tí ó ń dáàbò bò ó kí ó má bàa tètè fọ́. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni a bí tí èyí kò tó lára rẹ̀. Ó sì ń kan àwọn ọmọbìnrin kan pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn bíi Lucio Luzzatto ti kọ̀wé láti ọdún 1966 bí ó ṣe ń fa kí bílírúbínì ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wà láìsí wàhálà, títí ohun kan yóò fi wá fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa ni kánfọ̀, àwọn hóró funfun tí à ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ìyá a tọ́jú aṣọ ọmọ sínú kánfọ̀ láti ìgbà oyún. Ọjọ́ tí ọmọ dé ni a kó aṣọ náà jáde, a wọ̀ ọ́ fún un, òórùn rẹ̀ sì ń wọ ara ọmọ láti imú àti láti awọ. A bẹ yín, bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kó kánfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Àwọn ìpara mẹ́ńtólì tí à ń fi pa ìwọ́ ọmọ náà kò dára.

Bí a ṣe wá mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ jẹ́ ìtàn tí ó dùn ún gbọ́. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ rí i, bí kò ṣe nọ́ọ̀sì kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ìpínlẹ̀ Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sister Jean Ward ní àṣà láti máa gbé àwọn ọmọ tí kò pé oṣù jáde sí àgbàlá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Ní ọjọ́ kan ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: ara rẹ̀ mọ́, àfi ibì kan onígun mẹ́ta tí ó pọ́n rúsúrúsú. Ibi tí etí aṣọ bò nígbà tí ọmọ náà wà nínú oòrùn ni. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn sójú fèrèsé tí oòrùn ń tàn sí. Nígbà tí wọ́n wọn bílírúbínì inú rẹ̀, ó ti dín kù. Dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Aró ni wọ́n rí. Wọ́n to ọ̀pá iná aró sórí ibùsùn ọmọ, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1958.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ aró? Aṣọ àdìrẹ tí a ń sá sí oòrùn lójoojúmọ́ a máa ṣá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú ohun tí ó fún un ní àwọ̀, ó sì ń yí i padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe sí bílírúbínì tí ó wà lábẹ́ awọ ọmọ. Ohun tí ó ní àwọ̀ ìyeyè a máa gba ìmọ́lẹ̀ aró sínú ju àwọn yòókù lọ; ìdí gan-an nìyẹn tí ó fi rí bí ìyeyè lójú wa, nítorí ó gbé aró mì, ó sì dá èyí tí ó kù padà. Ìmọ́lẹ̀ pupa kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí bílírúbínì kì í gbà á. Àwọn onímọ̀ ń fi nánómítà wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí wà láàárín 460 àti 490. Nígbà tí bílírúbínì bá gba ìmọ́lẹ̀ yìí, ìrísí rẹ̀ a yí padà, a sì di ohun tí omi lè gbé láìsí ọṣẹ ẹ̀dọ̀. Yóò bá òróòro lọ sínú ìfun, yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹ kíyè sí i pé a lè tọ ipa iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì lè wọn ẹ̀jẹ̀ lónìí kí a tún wọ̀n ọ́n lọ́la. Ghadiali kò ní irú èyí láti fi hàn.

Wàhálà tí ó kù ní ilẹ̀ wa ni ti iná mànàmáná. Àwọn ará gúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé èyí fún wọn, ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn nígbà tí a gé iná kúrò ní Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀. Iná aró tí kò tàn kò wo ọmọ kankan sàn. Dókítà Tina Slusher, ará Amẹ́ríkà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú Dókítà Bọ́lájí Olúsànyà ní Èkó àti àwọn mìíràn, wá béèrè pé: oòrùn tí ó pọ̀ tó báyìí lórí wa, ṣé a kò lè lò ó ni?

A ti sọ pé ìtànṣán méjì tí ojú kò rí wà nínú oòrùn, èyí tí ń jó awọ àti èyí tí ń mú ooru wá. Wọ́n wá ọ̀rá tín-ínrín, irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé àti ti ọkọ̀, tí ó lè dá èyí tí ń jó awọ dúró, tí ó sì ń dín ooru kù púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ kí aró kọjá. Wọ́n fi ọ̀rá náà ṣe àtíbàbà sí ìta ilé ìwòsàn, oríṣi kan fún ọjọ́ tí oòrùn mú, oríṣi kan fún ọjọ́ tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run. Ìyá a jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì a sì máa yẹ ara ọmọ wò kí ó má bàa gbóná jù tàbí kí ó tutù jù.

Ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ti Island Maternity ní Èkó, wọ́n pín ọmọ 447 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan wà lábẹ́ àtíbàbà, àwọn kan wà lábẹ́ iná. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015: nínú ọjọ́ ìtọ́jú 100, àtíbàbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní 93, iná sì ṣe é ní 90. Ara àwọn ọmọ abẹ́ àtíbàbà a máa gbóná díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ní láti mú kúrò nítorí ewu. Lẹ́yìn náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, wọ́n tún dán an wò fún àwọn ọmọ tí àrùn náà le sí jù, níwájú iná tí ó lágbára jù. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé àtíbàbà kò rẹ̀yìn.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé, ‘Ṣé ẹ rí i, ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n ń gbé ọmọ sínú oòrùn òwúrọ̀.’ Kì í ṣe ohun kan náà. Oòrùn òwúrọ̀ kùtùkùtù kò lágbára tó, ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní Èkó, wákàtí márùn-ún ó kéré tán ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìtọ́jú kan. Oòrùn ọ̀sán tí ó lágbára tó, bí kò bá sí ọ̀rá náà láàárín, yóò jó ọmọ, yóò sì fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Èyí tí ó burú jù ni pé ìyá tí ó ń gbé ọmọ sínú oòrùn ní ojoojúmọ́ rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀, nígbà tí bílírúbínì ń gòkè. Bákan náà ni omi ìbẹ́pẹ, omi glúkóòsì, àti àwọn oògùn oní-kápúsù tí a ń tú sínú omi fún ọmọ. Wọn kò fọ bílírúbínì kúrò, wọ́n sì ń jẹ àkókò.

Àkókò yìí kò sì pọ̀. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni bílírúbínì sábà máa ń ga jù lára ọmọ tí ó pé oṣù. Ẹ ka ọjọ́ náà: kò tíì tó ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá wà nínú yàrá, fèrèsé wà ní títì, ìyá àgbà ni ó ń wẹ ọmọ, gbogbo ilé sì ń múra ìkómọ. Ọmọ Yorùbá pẹ̀lú kì í dúdú ní ọjọ́ tí a bí i, àwọ̀ rẹ̀ a máa mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní èdè wa, epo jẹ́ pupa, ọsàn tí ó pọ́n jẹ́ pupa, òkìtì tí a fi sọ Òkìtìpupa lórúkọ jẹ́ pupa, ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ náà jẹ́ pupa. Wọn a ní ọmọ pupa ni Olúwa fún wa, wọn a sì máa yọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ibà pọ́njú ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo awọ nìkan. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti mọ́ dáadáa, kì í ṣe ìdí àtùpà. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀, ẹ wo erìgì rẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ojú bá pọ́n kí ọjọ́ kan tó pé tí a bí i, ewu ni, kò sí àlàyé mìíràn. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá pọ́n, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú dáadáa mọ́, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Òkìtìpupa kò jìnnà sí Àyèká. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀rù a máa ba àwọn ìyá mìíràn nígbà tí wọ́n bá rí ohun tí a ń ṣe fún ọmọ níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ṣáájú. A ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ láti wọn bílírúbínì. A ó bọ́ aṣọ rẹ̀, yóò ku ìlédìí nìkan, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan awọ púpọ̀. A ó sì di ojú rẹ̀ kí iná má bàa pa á lára. Kò sí ìrora nínú iná náà, kì í sì í jó ọmọ. Ìyá yóò máa fún un lọ́mú nígbà gbogbo, nítorí pé láti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni ìdọ̀tí náà ń gbà jáde. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè ṣàn, kí ẹ má fòyà. Bí bílírúbínì bá ti ga jù kí ọmọ tó dé, iná nìkan kò ní tó, dókítà yóò ní kí a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sá nígbà náà, nítorí wákàtí ni ó kù, kì í ṣe ọjọ́. Lẹ́yìn tí a bá pa iná náà, a ó tún wọn ẹ̀jẹ̀, nítorí bílírúbínì a máa tún gòkè díẹ̀ nínú àwọn ọmọ mìíràn. Bí ti ọmọ yín bá ti ga púpọ̀ rí, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e lọ sílé, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ẹ óò padà wá fún yín.